Yàrá ẹ̀yìn tó tutù, heat pump tá a gbé sí i, àti ọ̀rọ̀ omi

Aago mẹ́ta òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Màámi kan ilẹ̀kùn wa, "Àkànní, dìde o, òjò ń rọ̀ nínú yàrá mi." Mo rò pé àlá ni wọ́n lá torí ìta gbẹ, kò sí ẹ̀kán òjò kan. Ìgbà tí mo tan iná yàrá wọn ni mo rí i, omi ń kán láti etí heat pump tá a gbé kọ́ sára ògiri, tó, tó, tó, sórí ìrọ̀rí wọn, ó ti rin bẹ́ẹ̀dì dé àárín, ọ̀dà ara ògiri sì ti wú bí ìléròrò. June 2024 nìyẹn. January ọdún yẹn la gbé ẹ̀rọ yẹn síbẹ̀, láti ìgbà yẹn kò kán ẹ̀kán kan rí, a ò sì mọ̀ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti gbé e sí ọ̀nà àìtọ́. Mo ń kọ èyí torí mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tó ń gbé irú ilé tèmi pọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe ohun tí mo ṣe.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ilé náà. Rowhouse ni, Baltimore tá à ń gbé ní Amẹ́ríkà kún fún un, ilé bíríkì tóóró tí wọ́n kọ́ tò tẹ̀lé ara wọn bí ìsọ̀ ọjà, ògiri ọ̀tún mi ni ògiri òsì aládùúgbò, iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ló kan ìta. Yàrá tá a fún Màámi ni ti ẹ̀yìn lókè, èyí tí àwọn tó kọ́kọ́ ni ilé fà jáde sórí kíṣìnì, fíìtì 8 sí fíìtì 10 péré, tó o bá ṣílẹ̀kùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Omi gbígbóná tó ń lọ káàkiri ilé yòókù láti mú un móoru ò dé ibẹ̀ rárá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń kó ẹrù sí i ni, àwa la fẹ́ kí èèyàn máa sùn níbẹ̀, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Màámi sì ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá bá wa wẹ ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì January ni wọ́n dé. Ẹ wo àgbàlagbà tó kúrò nínú ọyẹ́, tó wá bọ́ sínú yìnyín, torí yìnyín já gan-an ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Hítà kékeré tó ń lo iná la kọ́kọ́ fún wọn. Wáyà yàrá yẹn ti pẹ́, bíréékà ẹ̀ jẹ́ 15 amp, iná ibí sì jẹ́ 120 volt, tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀, gbogbo agbára tó wà níbẹ̀ ò ju 1,800 watt lọ, hítà yẹn nìkan ń jẹ 1,500. Tí ìyàwó mi bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná ní yàrá kejì, paa, gbogbo ẹ̀yìn ilé á ṣókùnkùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bá Màámi tí wọ́n wọ sókísì mẹ́ta, tí wọ́n fi ìró wé orí, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ara àwọn gbà á. Ó dùn mí gan-an.

Mo kọ́ṣẹ́ fíríìjì àti éésì ní Mushin fún ọdún mẹ́ta kí n tó lọ sí yunifásítì, nítorí náà nígbà tí wọ́n dárúkọ heat pump fún mi kò ṣàjèjì. Éésì ni, éésì tó lè yí padà. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín wò, ó gbóná, àbí? Inú fíríìjì ni gáàsì ti kó ooru yẹn, tó gbé e wá dà sẹ́yìn. Heat pump sọ gbogbo ìta di inú fíríìjì, ó wá kọ ẹ̀yìn ẹ̀ sí yàrá yín. Kódà tí ìta bá tutù débi tí omi ń dì, ooru ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, gáàsì tó ń lọ lójú páìpù tutù ju afẹ́fẹ́ yẹn lọ, ó á ṣáà rí nǹkan fà níbẹ̀. Fáàfù kan ló wà nínú outdoor, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń wà níta, òun ló máa ń yí ọ̀nà gáàsì padà, ìgbà ooru ó ń kó ooru jáde, ìgbà òtútù ó ń kó o wọlé. Torí pé kíkó ló ń kó o, kò dá a sílẹ̀ bíi hítà, iná kilowatt kan lè kó ooru kilowatt mẹ́ta wọlé tí ìta ò bá tutù jù. Ọ̀pọ̀ éésì tí à ń tà ní Lagos ò ní fáàfù yẹn torí kò sẹ́ni tó nílò ooru níbẹ̀, òun ni Màámi fi ń bi mí pé, "Éésì wo ló tún ń fẹ́ ooru?" Ọjọ́ tí wọ́n tàn án, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni ń yáná, wọ́n ní Ọlọ́run á fún mi ṣe.

Ní ti bó ṣe máa tóbi tó, ẹni tó ń tà á ní kí n gbé 12,000 BTU (BTU ni wọ́n fi ń wọn agbára ẹ̀ níbí), èyí tá a máa ń pè ní one-and-half nílé, pé kó lè lágbára. Mi ò gbà. 9,000 ni mo mú, one HP nìyẹn, yàrá yẹn ò tiẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá tóbi ju yàrá lọ, kíá ló máa mú un tutù tí á sì kú kó tó ráyè fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, yàrá á wá tutù ṣùgbọ́n ara á máa lẹ̀, bí ìgbà téèyàn wọ aṣọ tí ò gbẹ tán. Baltimore ní ìgbà ooru máa ń rin bíi Lagos, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.

Ibi tá a máa gbé e kọ́ ló le jù. Mo mú téèpù, mo wọn gbogbo ògiri yàrá yẹn lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan. Orí wíńdò, kò gbà á, láti orí wíńdò dé sílíìnì jẹ́ ínṣì 11, indoor, apá ẹ̀rọ tó ń wà nínú yàrá, fúnra ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gíga, bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀ ní ó gbọ́dọ̀ fi ínṣì 6 jìnnà sí sílíìnì torí orí ló ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò, ínṣì 34, indoor jẹ́ ínṣì 32 ní fífẹ̀, ó sì yẹ kí àyè wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀. Ògiri ẹnu ọ̀nà ò kan ìta. Ó ku ògiri tí èmi àti aládùúgbò jọ ni, mi ò sì lè lu ihò sí ilé onílé. Ohun tí mo ro ni pé ká gbé e sí ìparí ògiri yẹn, ní kọ̀rọ̀ tó ti pàdé ògiri ẹ̀yìn, kí páìpù yọ láti ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀ kó sì gba inú ògiri ẹ̀yìn bọ́ síta, kò ní rìn ju fíìtì kan lọ nínú yàrá. Mo fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Dírọ́ọ̀ ló wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, àpótí méjì tí Màámi kó dé wà lórí ẹ̀, èlùbọ́ àti gàrí ṣì wà nínú wọn.

Òfin ò gbà kí n ṣe gáàsì ẹ̀ fúnra mi. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ò bá ní ìwé ẹ̀rí EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, tí wọ́n ń pè ní Section 608 ò gbọdọ̀ ṣí gáàsì, kò sì sí bí mo ṣe mọ iṣẹ́ tó ní Mushin tó yí ìyẹn padà. Mo wá pe ilé iṣẹ́ kan, $4,100 la dúnàá-dúrà sí, ẹ̀rọ àti iṣẹ́. Wọ́n rán ọmọ méjì wá lọ́jọ́ tí mo wà níbi iṣẹ́, wákàtí mẹ́ta wọ́n ti parí. Nígbà tí mo délé, indoor wà níbòmíràn lára ògiri yẹn, kò sí ní kọ̀rọ̀ tí mo sàmì sí, wọn ò fẹ́ gbé dírọ́ọ̀ kúrò. Àlàfo òkè ẹ̀ ò ju ínṣì méjì lọ. Páìpù jáde láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n fi ike funfun bò ó, ó rìn fíìtì mẹ́fà gbọọrọ lẹ́bàá sílíìnì kó tó dé ògiri ẹ̀yìn. Mo wò ó, ọkàn mi ò balẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ti móoru, Màámi ti bọ́ sókísì, mo bá fi sílẹ̀. Ìyẹn ni mo kábàámọ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé ojú mi rí i, ọkàn mi sọ fún mi, mo dákẹ́.

Òtútù ló kọ́kọ́ fi nǹkan hàn wá, ìta ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé outdoor sórí búráákẹ́ẹ̀tì lára ògiri ẹ̀yìn, gẹ́rẹ́ lókè àtẹ̀gùn tá à ń gbà lọ da ilẹ̀ nù. Heat pump tó bá ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ tutù, omi inú afẹ́fẹ́ yẹn á dì mọ́ ara ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa dá iṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó yí gáàsì padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó yọ́ yìnyín yẹn kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, inú yàrá dákẹ́ lójijì, ìkùukùu funfun bo ẹ̀yìn ilé, Màámi figbe ta pé iná ti ń jó. Kì í ṣe iná, yìnyín tó ń yọ́ tó ń di ìkùukùu ni, ẹ má pa ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá rí i. Ṣùgbọ́n omi tó yọ́ yẹn ń kán sórí àtẹ̀gùn, ó sì tún ń dì níbẹ̀, fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́, ojú lásán ò lè rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbé àpò ilẹ̀ dání, ẹsẹ̀ mi yọ̀, Ọlọ́run ló ní kí n di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ká ní Màámi ni ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn mo ń da iyọ̀ sí i láràárọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa mọ́ wọn.

Nǹkan kejì, òru kan wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ń tutù, bẹ́ẹ̀ rìmóòtù fi hàn pé yàrá ti gbóná tó. Nítorí ínṣì méjì yẹn ni. Ooru máa ń gòkè, òkè ló sì ti ń fa afẹ́fẹ́, ooru tó fẹ́ jáde ló tún ń fà padà, ó wá rò pé gbogbo yàrá ti móoru, ó ń sinmi nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. A yí ojú ẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá, a sì gbé ìwọ̀n ẹ̀ ga sí i, ó dín kù, kò tán.

Lẹ́yìn náà ìgbà ooru dé, ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe lọ. Ohun tó yẹ kó yé èmi tí mo kọ́ṣẹ́ yìí nìyí: ní òtútù, outdoor ló ń sunkún, inú yàrá gbẹ. Ní ooru, indoor ló ń sunkún, torí ọ̀rinrin tó fà nínú afẹ́fẹ́ yàrá á di omi lára ẹ̀. Ẹni tó bá gbé heat pump ní January ò tíì rí ọ̀nà omi inú ilé ẹ̀ títí June. Oṣù márùn-ún gbáko la fi ń yin ẹ̀rọ yẹn, bẹ́ẹ̀ rọ́bà omi ẹ̀, èyí tó yẹ kó máa gbé omi indoor jáde, ò ṣiṣẹ́ rí, kò tíì sẹ́ni tó ní kó ṣiṣẹ́ ni.

Mo pe ilé iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kí n lọ fọ fílítà. Mo fọ̀ ọ́, ó ń kán. Ooru mú gan-an lápá ìparí June yẹn, a sì pa á, Màámi wá ń sùn ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló júwe bàbá kan fún mi, ọmọ Baltimore, ó ti tó ọgọ́ta ọdún, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ̀. Bàbá yẹn ò tíì wo ẹ̀rọ, ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Níbo lomi ń lọ?" Ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ike funfun yẹn, ẹ̀gbẹ́ ìta ló ga ju ẹ̀gbẹ́ indoor lọ. Ó yẹ kí rọ́bà omi máa rẹlẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ínṣì fún fíìtì kọ̀ọ̀kan, fíìtì mẹ́fà yẹn yẹ kó ti fi ínṣì kan àbọ̀ rẹlẹ̀ kó tó dé ògiri, tiwa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni. Omi ò sì mọ òkè gùn. Ó jókòó sínú ike tó wà lábẹ́ indoor títí ó fi kún, ó bá gba orí bẹ́ẹ̀dì.

Ó tún rí nǹkan mìíràn. Ara nọ́ọ̀tì tó so páìpù kọ́pà mọ́ra ní epo díẹ̀, bí ẹni fi ìka tó lọ́ràá kàn án. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n, epo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì rìn, ibi tí epo bá ti yọ, gáàsì ń bá a jáde níbẹ̀. Àyè tí wọ́n ti so ó há, sípánà méjì ò lè yí dáadáa níbẹ̀, ó dájú pé wọn ò fún un tó. Bàbá fa gáàsì tó kù sínú sílíńdà ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kò tú u sáfẹ́fẹ́. Ó gé ẹnu kọ́pà, ó fá a mọ́, ó wá fẹ ẹnu ẹ̀ lákọ̀tun, ó kán epo díẹ̀ sí i lẹ́yìn, ó mú sípánà kan tó máa ń fọhùn tó bá ti fún un tó. Ó fi náítírójìn kún inú ẹ̀, ó po ọṣẹ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì pa á mọ́ gbogbo ojú ìsopọ̀, ó dúró, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó ń sùn. Kò hó. Ó ní ká fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, ká lọ mumi. Nígbà tí wákàtí pé, géèjì ò mira. Ó wá fi pọ́ǹpù fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ títí géèjì fi bọ́ sábẹ́ 500 micron, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Èmi tí mo ń wò ó, mo rántí bá a ṣe ń ṣe é ní Mushin, a máa tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, a máa fi gáàsì lé afẹ́fẹ́ jáde, ṣṣṣ, ó tán, a ti ń gba owó. Ọ̀rinrin tá à ń fi sílẹ̀ nínú páìpù yẹn ló ń ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àwọn èèyàn jẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, ọdún méjì, à ń sọ pé NEPA ni. Ó ń ká mi lára títí di òní.

Lẹ́yìn tó fa gáàsì yẹn tán, kó tó gé kọ́pà, òun àti èmi la gbé dírọ́ọ̀ kúrò, ó tú indoor sílẹ̀, ó gbé e lọ sí kọ̀rọ̀ tí mo fi pẹ́ńsù sàmì sí láti January, àmì yẹn ṣì wà. Ínṣì 6 lókè. Ihò ògiri tuntun, ó fi dìrílì ńlá olómi gé bíríkì, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ihò yẹn dagun díẹ̀ sísàlẹ̀ lápá ìta, ó sì fi símẹ́ǹtì dí ti àtijọ́. Outdoor, ó sọ ọ́ kalẹ̀ látara ògiri, ó gbé e sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ínṣì 18 kúrò nílẹ̀ kí yìnyín má bò ó, ó jìnnà sí àtẹ̀gùn, orí òkúta wẹ́wẹ́ lomi ẹ̀ ń kán sí báyìí. Ohùn ẹ̀ tó máa ń gba inú bíríkì wọ yàrá náà tún lọ.

Kó tó pa ojú ẹ̀rọ dé, ó ní kí n lọ dúró sísàlẹ̀ lẹ́nu rọ́bà omi. Ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ Màámi, ó da omi sínú ike abẹ́ indoor. Mo dúró níbẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, mo ti fẹ́ pariwo sí i, omi bá jáde, tínrín, ó dúró, ó tún jáde. Màámi yọjú láti wíńdò, "Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ?" Mo ní ó ti dé. Wọ́n ní kí bàbá tún da kọ́ọ̀pù kan sí i kí ó lè dá wọn lójú, ó sì dà á. Ìdánwò yẹn ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kọ́ọ̀pù omi méjì, ká ní àwọn àkọ́kọ́ ṣe é ní January, bẹ́ẹ̀dì Màámi ò ní rin. Tẹ́nikẹ́ni bá ń gbé ẹ̀rọ yìí fún yín, òtútù ni o, ooru ni o, ẹ ní kó da omi sí i lójú yín kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.

$1,350 ni bàbá gbà, ó tọ́ sí i. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá 30% owó heat pump padà fún wa nínú owó-orí ọdún yẹn, èyí tí ò lè ju $2,000 lọ, ṣùgbọ́n ètò yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ lópin 2025, ẹni tó bá fẹ́ rà á báyìí kó má fi sínú ìṣirò. Ẹ tún wo gáàsì tó wà nínú ẹ̀, tèmi jẹ́ R410A, láti January 2025 wọ́n ti ní kí àwọn tó ń ṣe tuntun lọ sórí irú èyí tí kì í ba ojú ọjọ́ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bíi R32 àti R454B. Àwọn wọ̀nyẹn lè gbiná díẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ojú ìsopọ̀ tó ń jò nínú yàrá kékeré tún wá le sí i.

Ìyàwó mi ti ń bi mí báyìí pé ìgbà wo la máa gbé òmíràn sí yàrá àárín, níbi tí àwọn ọmọ ń sùn. Mo ti wọn ibẹ̀. Ògiri ẹ̀ méjì jẹ́ ti aládùúgbò, ọ̀kan dojú kọ yàrá wa, ọ̀kan dojú kọ yàrá Màámi, kò sí èyí tó kan ìta, omi á rìn fíìtì 14 kó tó jáde, ìyẹn fẹ́ ínṣì mẹ́ta àbọ̀ ní rírẹlẹ̀, á sì gba orí ilẹ̀kùn kọjá. Pọ́ǹpù kékeré wà tó lè fa omi náà gòkè, ó ń kùn lóru, ọjọ́ tó bá sì kọṣẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni. Mo sọ fún un pé ẹ jẹ́ ká ṣì máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí fáànù kan máa gbé atẹ́gùn yàrá Màámi wá bá wọn.